Olùkọ́ Tí Ó Kọ́ Àwọn Ọmọdé Bí A Ṣe Ń Fara Balẹ̀: Ìgbésí Ayé Màmá Dinah Ọmọ́bọ́láńlé Adéjọbí, 1951 sí 2025

Ẹ̀yin ẹbí, ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ̀yin aládùúgbò láti Ìlobù àti Ìfọ́n, àti ẹ̀yin tí Màmá kọ́ ní "a, b, d" tí irun orí ẹ̀yin náà ti ń funfun báyìí, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú àdúrótì. Ìtàn ìyá wa ni a fẹ́ kà fún yín. A kò ní fi oyin sí i ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí Màmá kò fẹ́ràn àsọdùn. A kò sì ní purọ́ mọ́ òkú.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá ọdún 1951, ni a bí Dinah Ọmọ́bọ́láńlé ní agbo ilé Oníṣu, Ìlobù. Bàbá wọn ni olóògbé Ezekiel Oyèdìran, àgbẹ̀ tí ń gbin iṣu àti tábà, àwọn náà ni wọ́n ń lu agogo ìjọ Onítẹ̀bọmi ní àárọ̀ ọjọ́ ìsinmi. Ìyá wọn ni olóògbé Mùtíátù, ọmọ bíbí Ìfọ́n, tí wọ́n ń kírun nígbà márùn-ún lóòjọ́ nínú ilé ọkọ tí ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n sì kírun títí dọjọ́ ikú wọn. Kò sí ẹni tí ń bá ẹnì kejì jà lórí ẹ̀sìn nínú ilé náà. Bí ìjà bá ṣẹlẹ̀, lórí iṣu tí ewúrẹ́ jẹ ni.

Màmá wọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìlobù ní ọdún 1958, wọ́n sì jáde ní 1964. Wọ́n lọ sí ilé-ìwé mọ́dàànù láti 1965 sí 1967. Bàbá wọn ní ó tó, kí ọmọbìnrin lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Ìyá wọn, tí kò mọ̀wé kankan, ló takú pé ọmọ òun yóò di tíṣà, wọ́n sì ta abọ́ tánganran wọn kí ọmọ lè lọ. Láti ọdún 1969 sí 1971, Màmá wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni ní Òṣogbo, wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí Grade Two. Gbogbo ẹni tó bá wọn ṣe ọmọdé ló ń sọ pé ọmọ jẹ́jẹ́ ni wọ́n, pé wọ́n lè jókòó ti ìwé láti àárọ̀ títí oòrùn yóò fi wọ̀, ìdí wọn kò ní yẹ̀ lórí àga. Ìyẹn dára fún ìdánwò. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí wọ́n tètè mọ bí ó ti ń rí lára ọmọ tí kò lè gbé ibì kan.

Oṣù kìíní ọdún 1972 ni Màmá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìlobù. Kíláàsì kìíní ni wọ́n fún wọn, kíláàsì kìíní náà ni wọ́n sì ń kọ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kejìlá ọdún 1976 ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú bàbá wa, olóògbé Samuel Adéjọbí, ọmọ Ìfọ́n, akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Òṣogbo, ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ tí kì í sì í gbàgbé ohunkóhun. Ọmọ àkọ́kọ́ wọn, obìnrin, kò dúró ju oṣù mẹ́jọ lọ. Ní 1979 ni wọ́n bí Dúrójayé, tí gbogbo wa ń pè ní Dúró. Wọ́n bí Fọlá ní 1982, wọ́n sì bí Dọlápọ̀sí ní 1986. Èmi Fọlá ni mo mú bírò lọ́wọ́, ṣùgbọ́n gbogbo wa la jọ jókòó kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ Màmá kò ní yé yín bí a kò bá sọ ọ̀rọ̀ Dúró. Ara bùrọ̀dá mi ta láti inú oyún, kì í gbé ibì kan; ìyá wa ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó rìn ní oṣù kẹsàn-án, ó sì gun orí àjà kí ó tó pé ọdún mẹ́ta. Nígbà tó di 1985, ó wọ kíláàsì kìíní, kíláàsì ìyá rẹ̀. Bí Màmá bá kọjú sí pátákó, Dúró ti gba ojú fèrèsé jáde. Bí wọ́n bá mú un wọlé tán, ó ti wà lábẹ́ tábìlì, ó ń so okùn bàtà ọmọ kan mọ́ ti ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ wà níhìn-ín mọ àṣà tí mo fẹ́ sọ yìí. Bí ọmọ tíṣà bá wà ní kíláàsì ìyá rẹ̀, òun ni a ó kọ́kọ́ nà, òun ni a ó sì nà jù, kí òbí ẹlòmíràn má baà sọ pé tíṣà ń ṣe ojúsàájú. Bí ọmọ ẹlòmíràn bá jẹ pàṣán méjì, mẹ́rin ni ti ọmọ tíṣà. Màmá kò dá a sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bá a. Wọ́n na Dúró kí ó lè jókòó, ó jókòó. Wọ́n na àwọn yòókù díẹ̀, àwọn náà jókòó. "Ká ọwọ́, di ẹnu," gbogbo kíláàsì á ká ọwọ́, á fi ìka di ẹnu. Ọ̀gá ilé-ìwé a máa mú àlejò wá wo kíláàsì náà, torí kò sí èyí tó dákẹ́ tó o ní gbogbo agbègbè yẹn. Inú Màmá dùn sí i. Wọ́n rò pé ìfarabalẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ wọn.

Ní ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù kejì ọdún 1991, Dúró ti wà ní kíláàsì kẹfà. A wà lórí ìlà àárọ̀, a ń gbàdúrà, ni ariwo bá sọ láti ìlà kíláàsì kẹfà, wọ́n ń kígbe, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá dá àdúrà dúró, wọ́n ní ta ló ń pariwo nínú àdúrà. Màmá ló dúró níwájú ìlà náà lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n fa Dúró jáde, wọ́n sì fún un ní pàṣán mẹ́fà lójú gbogbo ilé-ìwé. Dúró sọ gbólóhùn kan péré: "Màmá, èmi kọ́." Wọ́n fi méjì kún un nítorí pé ó jiyàn.

Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra. Màmá fi òsì nà án. Kí wọ́n tó ráyè na ọ̀tún, ọmọ ti dé Ìfọ́n. Nígbà tí ilé-ìwé jáde, kò gba ọ̀nà ilé wa. Ó fi ẹsẹ̀ rìn lọ bá ìyá àgbà Mùtíátù, tí wọ́n ti padà sí ilé bàbá wọn ní Ìfọ́n lẹ́yìn ikú ọkọ wọn. Bàbá wa lọ mú un, kò wá. Màmá lọ, kò wá. Ó dọ̀bálẹ̀ kí wọn dáadáa, kò rí wọn fín. Ó kàn ń sọ pé òun kọ́ ni òun pariwo.

Kò sí ẹni tó gbà á gbọ́. Nínú ilé wa, a máa ń fura sí Dúró kí nǹkan tó bàjẹ́ rárá. Èmi tí mo ń kọ èyí wà lórí ìlà kíláàsì kẹta lọ́jọ́ náà. Mo gbọ́ ariwo, n kò rí ẹni tó pa á, síbẹ̀ mo délé mo ní òun ni, mo rí i kedere. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, ẹ̀rí mi sì wọlé. Ohun tí bùrọ̀dá mi ń fẹ́ láti ọjọ́ náà wá kò pọ̀: kí ẹnì kan ṣoṣo nínú ilé wa sọ pé òun gbà pé kì í ṣe òun. Kò rí i gbà. Ó parí ìwé rẹ̀ ní Ìfọ́n, ó kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Òṣogbo, ó di ọ̀gá nídìí iṣẹ́ náà. Bí ọdún bá dé, á wá sílé, á dọ̀bálẹ̀, á kó ẹ̀bùn sílẹ̀, á sì lọ láìjẹun. Màmá á gbé oúnjẹ rẹ̀ padà sínú ìkòkò.

Ọjọ́ Ajé náà ni Màmá lo pàṣán kẹ́yìn. Wọ́n délé, wọ́n jù ú sórí àjà, wọn kò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Kíláàsì wọn wá di ọjà. Fún odindi ọdún méjì, kò sí àlejò tí ọ̀gá mú wá wò ó mọ́. Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wọn ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé Ìyá Dúró ti rẹ̀wẹ̀sì, pé àwọn ọmọdé ti gun wọ́n lórí. 

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n máa ń lọ sí Ìfọ́n láti lọ wo Dúró, yálà ó bá wọn sọ̀rọ̀ tàbí kò bá wọn sọ̀rọ̀. Níbẹ̀ ni ojú wọn ti là. Wọ́n bá ọmọ tí kò lè jókòó ìṣẹ́jú márùn-ún ní kíláàsì, ó jókòó ti ìyá àgbà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń pa ẹ̀gúsí láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́, ara rẹ̀ balẹ̀, ó ń sọ̀tàn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Màmá kọ́kọ́ rò pé wọ́n ti fún un ní àgbo ni. Wọ́n bi ìyá wọn ohun tí wọ́n lò. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní àwọn kò lo nǹkan kan o: àárọ̀ ni àwọn ń rán an lọ pọnmi, bó bá dé, ó ń gúnyán, lẹ́yìn ìyẹn ó ń sáré lọ sóko sáré bọ̀, ìgbà tí ara bá ti ná tiẹ̀ tán ni àwọn á wá gbé ẹ̀gúsí síwájú rẹ̀, àwọn á sì rẹ ohùn sílẹ̀. Wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko, pé tíṣà tó lọ sí Òṣogbo lọ kàwé ni kò gbọ́ irú òwe bẹ́ẹ̀ rí? Màmá kò bínú. Wọ́n jókòó ti àwọn méjèèjì, wọ́n sì bá wọn pa ẹ̀gúsí.

Láti ọdún 1993 ni Màmá ti bẹ̀rẹ̀ ohun tí gbogbo ìlú mọ̀ wọ́n mọ́. Bí àwọn ọmọ bá ti ibi eré wọlé, tí òógùn bò wọ́n, wọn kì í ní kí wọ́n jókòó. Wọ́n á ní kí gbogbo wọn fò sókè lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí wọ́n gbọn ọwọ́, kí wọ́n gbọn ẹsẹ̀. Wọ́n á ní kí wọ́n fún ìkúùkù bí ẹni ń fún aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, kí ó le dáadáa, kí wọ́n wá tú u sílẹ̀ wọ̀ọ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò kan ògì gbígbóná. Ọmọ kọ̀ọ̀kan á ká àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bí abọ́, wọ́n á ní ògì ló wà nínú rẹ̀: kí a fi imú fa òórùn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí a fi ẹnu fẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀ kí ó lè tutù. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ fùú lẹ́ẹ̀kan náà, ògì rẹ̀ ti dà nù nìyẹn, kó yáa bu òmíràn. Bí wọ́n bá fẹ́ ògì lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ẹ ó rí i pé èjìká gbogbo wọn ti wálẹ̀.

Ìgbà náà ni wọ́n á tẹ́ ẹní. Ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ẹní kékeré wá láti ilé. Wọ́n á dùbúlẹ̀, wọ́n á gbé ọwọ́ lé ikùn, wọ́n á máa kíyè sí bí ọwọ́ náà ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀. Màmá á lu agogo kékeré lẹ́ẹ̀kan, gbogbo wọn á máa fetí bá ohùn agogo náà lọ. Ẹni tí kò bá gbọ́ ọ mọ́ á na ìka kan sókè. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni gbogbo rẹ̀. Wọn kì í fipá mú ọmọ di ojú, nítorí wọ́n ní ọmọ tí ẹ̀rù ń bà kì í fẹ́ di ojú. Ọmọ tí ara rẹ̀ bá ta jù ni wọ́n ń fún ní iṣẹ́ pé kó pín ẹní, kó sì ká wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀rín ni gbogbo rẹ̀: ọ̀kan á sín, èkejì á rẹ́rìn-ín, ẹ̀kẹta á ta ẹnì kejì rẹ̀ nípàá. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko kí kíláàsì kan tó lè dákẹ́ títí ohùn agogo fi kú. Màmá kì í kánjú. Wọ́n máa ń sọ fún àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn pé ìdákẹ́jẹ́ tí ẹ̀rù bá mú wá kì í ṣe ìsinmi, pé ọmọ tí ń bẹ̀rù lè jókòó bí ère, kí inú rẹ̀ sì máa sáré kiri.

Ṣé ẹ rò pé wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wọn ni? Bàbá ọmọ kan wá láti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, ó bi wọ́n bóyá ẹní ni òun rán ọmọ òun wá ká. Ìyá kan ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, pé kí tíṣà mú pàṣán. Ní ọdún 1996, òṣìṣẹ́ kan tó wá bẹ ilé-ìwé wò bá ọmọ méjìdínlógójì lórí ẹní ní agogo mọ́kànlá àárọ̀. Ó kọ ìwé kíwéèrì sí Màmá pé kí wọ́n ṣàlàyé ìdí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń sùn ní àkókò ẹ̀kọ́. Èsì Màmá kò ju ìlà méjì lọ: wọn kò sùn, wọ́n ń sinmi, kí ọ̀gá padà wá ní agogo méjìlá kí wọ́n fún wọn ní ìṣirò. Ọkùnrin náà padà wá lóòótọ́. Gbogbo wọn ló dá a lóhùn, àfi Fàwáz, tí ó sùn lọ ní tiẹ̀ tí ó sì ń hanrun. Kíwéèrì náà kú síbẹ̀. Fàwáz wà láàárín wa lónìí. Ó ń wa ọkọ̀ Ẹ̀rìn sí Òṣogbo, gbogbo èrò ọkọ̀ rẹ̀ ló mọ̀ pé kì í sáré, àwọn kan tilẹ̀ ń bú u nítorí rẹ̀.

Màmá fẹ̀yìn tì ní oṣù kejìlá ọdún 2006, lẹ́yìn ọdún márùndínlógójì. Wọ́n ti kó lọ sí ilé tí àwọn àti Bàbá kọ́ sí Ìfọ́n. Bàbá wa papòdà ní 2011, Màmá kò sì fẹ́ kí ilé dákẹ́ jù. Wọ́n tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ní kí ọmọ àdúgbò tí ara rẹ̀ bá ń sáré wá ní ìrọ̀lẹ́. Alfa Àbdùlláhì, tí ilé kéú wọn wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà, a máa kó àwọn ọmọ tiwọn wá lẹ́yìn ìrun Asri. Wọ́n ní àwọn ọmọ náà ń mọ Kùránì sórí sí i láti ìgbà tí Màmá ti ń bá wọn fẹ́ ògì. Màmá á ní kí Alfa náà jókòó fẹ́ tiwọn, torí ohùn wọn ti ń le jù. Àwọn méjèèjì á rẹ́rìn-ín.

Ní ti ìgbàgbọ́, Màmá jẹ́ olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi fún ọdún mọ́kànlélógójì, wọ́n sì jẹ díákónì obìnrin ní 1999. Wọ́n ń gbàwẹ̀, wọ́n ń tọrẹ àánú, wọn kì í sì í ṣépè. Ìyá wọn jẹ́ ọmọ Ìfọ́n, bàbá wọn jẹ́ ọmọ Ìlobù. Nígbà tí nǹkan kò rọgbọ láàárín ìlú méjèèjì lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, tí ìjọba ní kí onílé gbélé, tí ẹni tó bá wá sílé ń bi wọ́n pé ìhà ibo ni wọ́n wà, èsì wọn ni pé àwọn kò ní bá ẹnikẹ́ni gé ara àwọn sí méjì. Wọ́n kó ọmọ mẹ́sàn-án láti ilé tó yí wọn ká sínú yàrá, wọ́n sì bá wọn fẹ́ ògì títí wọ́n fi sùn.

Ní ọjọ́ Àìkú kan ní ọdún 2018, Dúró mú ọmọ rẹ̀ Jùwọ́n wá. Ọmọ ọdún márùn-ún ni Jùwọ́n nígbà náà, ilé-ìwé méjì sì ti ní kí wọ́n máa mú un lọ. Dúró dọ̀bálẹ̀, ó dìde dúró. Ó ní: "Màmá, ohun tí wọ́n ń sọ nípa mi ni wọ́n ń sọ nípa ọmọ yìí. Ẹ bá mi kọ́ ọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má nà án."

Màmá ní: "N kò na ọmọ mọ́ láti ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Láti ọjọ́ tí o ti lọ."

Dúró ní òun gbọ́. Ó padà sí Òṣogbo, ó fi ọmọ sílẹ̀. Màmá wọ ilé ìdáná, wọ́n sì sunkún. Èmi ni mo bá wọn níbẹ̀.

Jùwọ́n kò lè dùbúlẹ̀ rárá. Màmá kò ní kó dùbúlẹ̀. Wọ́n ní kó kọ́kọ́ sá yí ilé ká lẹ́ẹ̀mẹ́fà, kó wá bá wọn pa ẹ̀gúsí, kó wá fẹ́ ògì. Ní oṣù kẹta tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ó dùbúlẹ̀ fúnra rẹ̀. Kí ó tó pé ọdún méje, òun fúnra rẹ̀ ló ń wá sọ fún Màmá pé ara òun ti ń sáré, kí àwọn jọ lọ sórí ẹní. Ó ti wọ ilé-ìwé girama báyìí, kò sì sí ilé-ìwé tó tún kọ ìwé ẹ̀sùn nípa rẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni Dúró máa ń wá wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ díẹ̀ sí i, òun àti ìyá rẹ̀ a máa sọ ọ̀rọ̀ ọmọ, ọ̀rọ̀ mọ́tò, ọ̀rọ̀ òjò. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn ni wọn kò fẹnu kàn.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, àìsàn ọkàn dá Màmá dùbúlẹ̀. A gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ní Òṣogbo, wọ́n sì ní kí a máa tọ́jú wọn nílé. Ní ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá, Màmá mí ìmí ìkẹyìn ní ìrọ̀lẹ́, nílé wọn ní Ìfọ́n. Ó ku ọjọ́ méjìlá kí wọ́n pé ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin.

Àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ sáyé lọ ni àwa ọmọ mẹ́ta: Dúrójayé àti ìyàwó rẹ̀ Tọ̀yìbátù, Fọlá àti Dọlápọ̀sí, àwọn ọmọ-ọmọ: Jùwọ́n, Aishat, Olúwafisáyọ̀ àti Dámiláre, àwọn mọ̀lẹ́bí ní agbo ilé Oníṣu àti ní ilé Adéjọbí, àti àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́ ní kíláàsì kìíní fún ọdún márùndínlógójì, tí a kò lè ka iye wọn.

Ó ku iṣẹ́ kan tí Màmá rán wa. Ní ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó kú, wọ́n pe àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ẹ̀bá ibùsùn. Dúró dúró sẹ́nu ọ̀nà. Màmá ní kí n mú ìwé àti bírò, kí n kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́, kí n má tún un ṣe. Èyí ni ohun tí wọ́n sọ:

"Lọ́jọ́ Ajé yẹn, Dúró kọ́ ló pariwo. Mo ń wò ó. Ó dúró jẹ́ẹ́, ó di ojú rẹ̀, ó ń gbàdúrà. N kò rí ẹni tó pariwo. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ti bèèrè, gbogbo èèyàn ń wo ojú mi, ọmọ tèmi ni ọwọ́ mi tó. Mo mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ náà, n kò sọ ọ́, ojú ń tì mí. Ojú èrò ni mo ti nà án. Ojú èrò ni kí ẹ ti kà á."

Dúró kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ó wọlé, ó bu omi fún wọn mu, ó sì di orí wọn mú títí wọ́n fi mu ún tán.

Nígbà tí a fẹ́ tẹ ìwé yìí, àwọn àgbà kan nínú ẹbí ní kí a fi ibẹ̀ sílẹ̀, pé a kì í tú àṣírí òkú. Dúró pàápàá ní kí a yọ ọ́ kúrò, pé òun ti gbọ́ ọ láti ẹnu wọn, ó ti tó òun. A kò yọ ọ́. Kì í ṣe òun nìkan ni wọ́n rán wa sí. Èmi Fọlá náà, tí mo jẹ́rìí ohun tí ojú mi kò rí, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ bùrọ̀dá mi níhìn-ín.

Nítorí náà, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wà lórí ìlà lọ́jọ́ Ajé náà ní ọdún 1991, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, tí ẹ sì wà níhìn-ín lónìí, ẹ gbọ́ o: Dúrójayé Adéjọbí kọ́ ló pariwo.

Màmá, a ti kà á. Ẹ sùn re o.